Eré Tí Òfin Dè fún Ọdún Márùn-ún

  Àwọn àgbà a máa sọ pé ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo mú tọ̀ yín wá lónìí. Ìtàn eré apanilẹ́rìn-ín kan ni, tí ọkùnrin kan kọ ní ilẹ̀ Faransé ní ohun tí ó lé ní 350 ọdún sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá wo eré náà yóò rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Síbẹ̀ ọba fi òfin dè é. Adájọ́ àgbà fi òfin dè é. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà kéde pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣe é, tàbí tí ó kà á, tàbí tí ó jókòó gbọ́ ọ, òun yóò yọ ọ́ kúrò nínú ìjọ. Àlùfáà kan tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé iná ni ó yẹ kí a fi sun ẹni tí ó ṣe irú eré bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó wà nínú eré apanilẹ́rìn-ín tí ó fi mú kí inú àwọn ènìyàn ńlá ru tó báyìí? Ìbéèrè náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó kọ ọ́.

Jean-Baptiste Poquelin ni orúkọ rẹ̀ gan-an, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún un ní Paris ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1622. Baba rẹ̀ ní iṣẹ́ láàfin: òun ni ó ń bójú tó àga onítìmùtìmù àti aṣọ ìkélé ọba, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun jogún ipò náà. Ṣùgbọ́n ọmọ kò fẹ́. Ní 1643, ó bá àwọn òṣèré lọ, kò sì pẹ́ tí ó fi sọ ara rẹ̀ ní Molière. Ẹ ó rántí pé nígbà náà ojú tí wọ́n fi ń wo òṣèré kò dára. Ìjọ Àgùdà ní Paris kò gbà kí a sin òṣèré bí a ti ń sin onígbàgbọ́, àfi bí ó bá kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ó tó kú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀. Gbèsè ẹgbẹ́ òṣèré gbé Molière dé ẹ̀wọ̀n ní 1645. Nígbà tí ó jáde, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ láti ìlú dé ìlú bí àwọn alárìnjò tiwa, ó sì tó ọdún méjìlá kí wọ́n tó padà sí Paris ní 1658. Ní ọdún náà ni ọba fúnra rẹ̀ wo eré wọn. Ọba rẹ́rìn-ín, ọ̀nà sì là.

Nísinsìnyí, ìtàn inú eré náà rèé, bí a ti ń kà á lónìí.

Baálé ilé kan wà ní Paris, Orgon ni orúkọ rẹ̀. Ó lówó, ó nílé, ó ní ìyàwó rere tí ń jẹ́ Elmire. Ó ní ọmọkùnrin kan, Damis, àti ọmọbìnrin kan, Mariane, tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Orgon ti rí ọkùnrin kan. Ojoojúmọ́ ni ọkùnrin yìí ń wá kúnlẹ̀ ní ọ̀kánkán rẹ̀, tí ó ń mí ìmí ẹ̀dùn, tí ó ń fi ẹnu ko ilẹ̀. Bí Orgon bá fún un lówó, yóò ní ó ti pọ̀ jù, yóò fẹ́ dá ìdajì padà. Bí Orgon bá kọ̀ tí kò gbà á, yóò pín in fún àwọn tálákà níbi tí ojú Orgon ti tó o. Tartuffe ni orúkọ ọkùnrin náà. Orgon mú un wá sílé, ó fún un ní yàrá, ó fún un ní oúnjẹ. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri Orgon lanu, aláǹgbá sì wọlé.

Láti ọjọ́ náà, ohun tí Tartuffe bá wí ni abẹ gé. Orgon a máa ròyìn ìwà mímọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbọ́. Ó ní lọ́jọ́ kan, Tartuffe ń gbàdúrà, ó mú kòkòrò tíńtín kan tí ń jẹ ẹ́ lára, ó pa á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé ìbínú tí òun fi pa á ti pọ̀ jù. Ẹ̀rí ìwà mímọ́ nìyẹn lójú Orgon!

Apá kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Orgon ti ìrìn àjò ọjọ́ méjì dé, ó bèèrè àlàáfíà ilé lọ́wọ́ Dorine, ọmọ-ọ̀dọ̀ wọn. Dorine wí fún un pé ibà mú ìyàwó rẹ̀, orí sì ń fọ́ ọ gidigidi. Orgon kò bèèrè bí ara ìyàwó ti rí. Tartuffe ni ó ń bèèrè. Dorine dáhùn pé ara Tartuffe le koko, ó sanra, ètè rẹ̀ sì pupa. Àánú Tartuffe wá ṣe Orgon! Dorine tún padà sórí ọ̀rọ̀ ìyàwó, pé kò lè fi oúnjẹ kan ẹnu lálẹ́ ọjọ́ náà. Orgon tún bèèrè Tartuffe. Dorine ní Tartuffe jẹ àparò méjì àti ìdajì itan àgùntàn. Àánú Tartuffe tún ṣe é! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, tí ìyàwó ń ṣàìsàn, tí àlejò ń jẹun, tí ó ń sùn, tí ó ń mu wáìnì, tí baálé ilé sì ń káàánú àlejò. Àwa tí a ń wò ó a máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí a ti ń rẹ́rìn-ín náà ni a ń rí i pé ojú ọkùnrin yìí ti fọ́, kò sì mọ̀.

Molière lo ọgbọ́n kan níbẹ̀. Ìpín márùn-ún ni eré náà ní, Tartuffe kò sì jáde sí wa rárá nínú ìpín kìíní àti ìkejì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ni à ń gbọ́ lẹ́nu ará ilé, bí ìgbà tí àwọn ẹlẹ́rìí ń jẹ́rìí ní kóòtù kí ọ̀daràn tó wọlé. Ìyá Orgon ní ẹni mímọ́ ni. Dorine ní ẹlẹ́tàn ni. Nígbà tí ó wá jáde nínú ìpín kẹta, bí ó ti rí Dorine lọ́ọ̀ọ́kán ni ó gbé ohùn sókè sí ìránṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó bá òun tọ́jú ẹ̀wù onírun tí òun fi ń jẹ ara òun níyà, àti ẹgba tí òun fi ń na ara òun. Lẹ́yìn náà ó na aṣọ ìnujú sí Dorine pé kí ó fi bo àyà rẹ̀, nítorí kí ojú òun má baà ṣẹ̀. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí ọkùnrin tí ojú rẹ̀ kò fẹ́ ṣẹ̀ yìí ń bá ìyàwó ẹni tí ó gbà á sílé sọ̀rọ̀ ìfẹ́.

Damis gbọ́, ó sì sọ fún baba rẹ̀. Ẹ̀yin rò pé Tartuffe yóò jiyàn? Ó tì o. Ó kúnlẹ̀, ó ní ẹlẹ́ṣẹ̀ burúkú ni òun, kò sí ẹ̀sùn tí a fi kan òun tí kò tọ́ sí òun. Bí ó ti ń jẹ́wọ́ òtítọ́ náà ni Orgon túbọ̀ ń rí i bí onírẹ̀lẹ̀. Orgon lé ọmọ rẹ̀ jáde nílé. Ó ní Tartuffe ni Mariane yóò fẹ́, àfẹ́sọ́nà tàbí kò sí àfẹ́sọ́nà. Ó sì bu ọwọ́ lu ìwé pé gbogbo ohun ìní òun di ti Tartuffe. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Elmire ni ó wá dá ọgbọ́n. Ó ní kí ọkọ òun wọ abẹ́ tábìlì, ó ta aṣọ bò ó, ó sì ránṣẹ́ pe Tartuffe. Tartuffe ti ìlẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ìyàwó ń wúkọ́, ó ń wúkọ́, kí ọkọ lè jáde, ọkọ kò jáde. Nígbà tí ó tó jáde, ó ti gbọ́ bí Tartuffe ti ń pe òun ní òpè tí a lè fà nímú. Ó ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ kí ó máa lọ. Ṣùgbọ́n Tartuffe dá a lóhùn pé Orgon ni kí ó kó tirẹ̀, nítorí pé òun ni ó ni ilé.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ dúró níbí díẹ̀, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ òfin ti wọ inú ẹ̀rín. Ìwé tí Orgon bu ọwọ́ lù kò lábùkù. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú un. Ní kóòtù, Tartuffe ni yóò jàre. Ohun kejì tún wà tí ó burú ju ìyẹn lọ. Ọ̀rẹ́ Orgon kan tí ó sá kúrò nílùú nítorí ẹ̀sùn lọ́dọ̀ ìjọba ti fi àpótí ìwé kan pamọ́ sí i lọ́wọ́. Tartuffe gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi àpótí náà sọ́wọ́ òun. Bí ìjọba bá wá bi Orgon, yóò lè búra pé kò sí lọ́wọ́ òun, kò sì ní í jẹ́ irọ́. Ẹ wo bí ó ti fi ẹ̀rí ọkàn kọ́ ènìyàn ní irọ́! Àpótí náà ni ó gbé tọ ọba lọ nígbà tí àṣírí tú.

Ní ìpín karùn-ún, akódà kóòtù kan wọlé. Ó kí gbogbo ilé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní òun mọ baba Orgon, òun kò fẹ́ wàhálà, kìkì pé òun mú ìwé àṣẹ wá pé kí wọ́n kó jáde kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ tán, àti pé òun àti àwọn ọkùnrin mẹ́wàá yóò sun ilé náà mọ́jú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Tartuffe dé pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ọba láti mú Orgon lọ sẹ́wọ̀n. Òṣìṣẹ́ náà yíjú padà, Tartuffe ni ó mú! Ọba ti mọ̀ pé arúfin tí a ti ń wá ni, tí ó ń jẹ́ orúkọ mìíràn. Ọba fagi lé ìwé ẹ̀bùn, ó dárí ji Orgon, ilé sì bọ́.

Eré náà nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 1664, Ọba Louis Kẹrìnlá ń ṣe àríyá ńlá kan ní Versailles. Ọ̀dọ́ ni ọba náà, ọmọ ọdún 25. Ẹgbẹ́ Molière ṣe Tartuffe níwájú rẹ̀, ìpín mẹ́ta ni ó jẹ́ nígbà náà. Eré náà dùn mọ́ ọba nínú, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe é ní gbangba.

Kí ni ó fà á? Ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ kan wà ní ilẹ̀ Faransé láti nǹkan bí 1630, Ẹgbẹ́ Sákírámẹ́ǹtì Mímọ́ ni wọ́n ń pè é. Àwọn ìjòyè, àwọn àlùfáà àti àwọn adájọ́ wà nínú rẹ̀. A kò gbọdọ̀ parọ́ mọ́ wọn: wọ́n ran tálákà lọ́wọ́, wọ́n tọ́jú aláìsàn, wọ́n bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń ṣọ́ ilé onílé, wọ́n ń wádìí ẹni tí kò gbààwẹ̀ àti ẹni tí ìwà rẹ̀ kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì ń ṣe é lábẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1664, kí eré náà tó dé iwájú ọba rárá, àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti pàdé, wọ́n sì ti pinnu pé àwọn yóò sa gbogbo ipá wọn kí a lè pa á rẹ́. Ìyá ọba, Anne, tí ó jẹ́ olùfọkànsìn, wà lẹ́yìn irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ọba kò fẹ́ bá ìyá rẹ̀ àti bíṣọ́ọ̀bù jà nítorí eré.

Ní ọdún náà kan náà, àlùfáà kan ní Paris, Pierre Roullé, kọ ìwé ìyìn fún ọba. Inú rẹ̀ ni ó ti pe Molière ní ẹ̀mí èṣù tí ó gbé ara ènìyàn wọ̀, tí iná sì tọ́ sí. Molière kò dákẹ́. Ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ọba pé iṣẹ́ eré apanilẹ́rìn-ín ni láti tún ìwà ènìyàn ṣe nípa ẹ̀rín, àti pé àgàbàgebè wà lára ìwà tí ó ń ba ìlú jẹ́ jù. Ó ń ka eré náà nínú ilé àwọn ọlọ́lá, ó sì ṣe é nílé àwọn ọmọ ọba, nítorí pé gbangba nìkan ni òfin dè.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Ìyá ọba kú ní 1666. Molière tún eré náà tò. Ó yí orúkọ Tartuffe padà sí Panulphe, ó bọ́ aṣọ tí ó jọ ti ẹni ìjọ kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó fi idà sí i nídìí, ó fi léèsì sí i lára bí ọmọ ayé, ó sì sọ eré náà ní Ẹlẹ́tàn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1667, wọ́n ṣe é ní gbangba ní Paris, èrò sì kún ilé eré. Ṣùgbọ́n ọba ti lọ sójú ogun ní Flanders. Ẹni tí ó ń ṣe àkóso ìlú lẹ́yìn rẹ̀ ni Lamoignon, olórí àwọn adájọ́ Paris, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ẹgbẹ́ Sákírámẹ́ǹtì Mímọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó fi òfin dè é. Molière rán méjì nínú àwọn òṣèré rẹ̀, La Grange àti La Thorillière, láti gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ kejì tọ ọba lọ ní ibùdó ogun níwájú ìlú Lille. Ọba ní bí òun bá padà, òun yóò gbé e yẹ̀ wò. Kí àwọn ìránṣẹ́ tó dé, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Paris, Péréfixe, ti ṣe òfin tirẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù náà, èyí tí mo sọ fún yín níbẹ̀rẹ̀. Molière ti ilé eré rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje. Ẹ rò ó wò: àwọn òṣèré yẹn ní ìyàwó, wọ́n ní ọmọ, owó ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Molière sọ nínú ìwé rẹ̀ nígbà tí ó tẹ eré náà jáde ní 1669, èmi sì rò pé òun ni ìdáhùn sí ìbéèrè wa. Ó ní ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n dè eré òun, àwọn òṣèré mìíràn ṣe eré kan níwájú ọba, nípa apanilẹ́rìn-ín kan tí ń jẹ́ Scaramouche tí ó di aláwọ̀ mímọ́ inú aginjù. Eré ìsọkúsọ ni. Ọba yà á lẹ́nu, ó sì bi ọmọ ọba kan pé kí ló dé tí àwọn tí ń bínú sí eré Molière kò fi sọ nǹkan kan sí ti Scaramouche. Ọmọ ọba náà dáhùn pé ọ̀run àti ẹ̀sìn ni Scaramouche fi ṣe yẹ̀yẹ́, èyí kò sì kan àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tìkára wọn ni Molière fi ṣe yẹ̀yẹ́, èyí ni wọn kò lè fara mọ́. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Òkò Molière ba ará ilé, ará ilé sì pariwo pé Ọlọ́run ni ó sọ ọ́ lù.

Níkẹyìn, ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1669, ọba tú eré náà sílẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ó pé ọdún márùn-ún tí wọ́n ti dè é. Tartuffe gba orúkọ rẹ̀ padà. Èrò tí ó wá lọ́jọ́ náà pọ̀ débi pé 2,860 livre ni owó tí ó wọlé. Ní ọjọ́ náà gan-an, Molière tún kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ kẹta sí ọba. Kí ni ó tún ń tọrọ? Ó ń tọrọ ipò kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì ọba ní Vincennes fún ọmọ dókítà rẹ̀! Ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nínú ìjọ láná ni ó ń bá ẹlòmíràn wá oyè ìjọ lónìí.

Ohun kan ṣì ṣókùnkùn títí di òní. Ìwé eré àkọ́kọ́, ìpín mẹ́ta tí ọba wò ní 1664, ti sọnù. Kò sí ẹ̀dà kan ṣoṣo tí a rí. Báwo ni ó ṣe parí? Ṣé òṣìṣẹ́ ọba wà nínú rẹ̀, tàbí ṣe ni Tartuffe lọ láìjìyà? Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ń yẹ ìwé ẹ̀bẹ̀ àti lẹ́tà àtijọ́ wò bí ẹni ń wá ipasẹ̀ olè. Ọ̀kan nínú wọn, Georges Forestier, gbìyànjú láti tún ìpín mẹ́ta náà tò. Ilé eré ńlá tí ilẹ̀ Faransé ń pè ní Comédie-Française sì ṣe é ní oṣù kìíní ọdún 2022, nígbà tí ó pé 400 ọdún tí a bí Molière.

Mo ní a óò padà sórí ọ̀rọ̀ ìsìnkú. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1673, Molière ń ṣe eré kan nínú èyí tí ó gbé ìwà ọkùnrin tí ó ń fi àìsàn ṣe ara rẹ̀ láìṣàìsàn. Òun fúnra rẹ̀ ń ṣàìsàn gidi. Ó ṣe é parí, wọ́n gbé e lọ sílé, ó sì kú ní alẹ́ náà. Wọ́n ránṣẹ́ pe àlùfáà kí ó tó kú: méjì kọ̀, ìkẹta dé, ó ti kú. Àlùfáà àdúgbò kò gbà kí wọ́n sin ín sí ilẹ̀ ìjọ. Ìyàwó rẹ̀, Armande, lọ bẹ ọba, bíṣọ́ọ̀bù àgbà sì gbà níkẹyìn, ṣùgbọ́n lálẹ́ ni kí wọ́n sin ín, láìsí ayẹyẹ, pẹ̀lú àlùfáà méjì péré. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sin ẹni tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ilẹ̀ Faransé ń kà lónìí. Orúkọ Tartuffe sì ti di ọ̀rọ̀ nínú èdè wọn: bí wọ́n bá pe ènìyàn ní tartuffe, àgàbàgebè ni wọ́n pè é.

Ẹnì kan lè wí pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni gbogbo èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Kétu àti àwọn ará Ẹ̀gbádò mọ alẹ́ Èfè, alẹ́ tí ó ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nígbà tí eléfè a máa fi orin tú àṣírí oníwà ìbàjẹ́ láàárín ọjà, tí ẹni tí orin bá kò sì gbọ́dọ̀ bínú. Ní 1960, ní Ìbàdàn, wọ́n ṣe eré Wọlé Ṣóyínká kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nípa wòlíì kan tí ń jẹ́ Jero ní etí òkun Èkó. Ó tún kọ èkejì nípa Jero kan náà, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1973. Jero yàtọ̀ sí Tartuffe ní ohun kan: ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwa òǹwòran pé òwò ni òun fi ìsìn ṣe. Ọmọ ìjọ rẹ̀ kan, Chume, ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yọ̀ǹda kí òun na ìyàwó òun. Jero kò gbà, nítorí ó mọ̀ pé bí ọkàn Chume bá balẹ̀, kò ní í wá mọ́. Àfi ìgbà tí ó mọ̀ pé ìyàwó Chume ni obìnrin tí òun jẹ ní gbèsè! Ìgbà náà ni ó yọ̀ǹda. Nígbà tí Chume sì wá mọ òtítọ́, Jero ti mú olóṣèlú kan mọ́ra, ó sì ń ṣètò kí wọ́n gbé Chume lọ sí ilé àwọn aṣiwèrè. Ní ti Molière, òṣìṣẹ́ ìjọba mú ẹlẹ́tàn. Ní ti Ṣóyínká, ẹlẹ́tàn ni ó fẹ́ fi òṣìṣẹ́ ìjọba mú ẹni tí ó tàn jẹ. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó, èwo ni ó sún mọ́ ohun tí ojú yín ti rí?

Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pé ọba ni olùgbàlà nínú ìtàn Orgon. Kì í ṣe gbogbo ilé ni òṣìṣẹ́ ọba yóò kàn lákòókò. Nínú eré náà, Cléante, arákùnrin Elmire, ti kìlọ̀ fún Orgon láti ìbẹ̀rẹ̀ pé olùfọkànsìn tòótọ́ yàtọ̀ sí ti èké bí owó gidi ti yàtọ̀ sí ayédèrú, àti pé ẹni tí ó sin Ọlọ́run nítòótọ́ kì í fọn fèrè rẹ̀. Kò bú ìsìn. Ṣùgbọ́n Orgon kò gbọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ sì là tán, ó yí sí òdìkejì, ó ní láti òní lọ òun kì yóò gba olùfọkànsìn kankan gbọ́ mọ́. Cléante tún bá a wí: nítorí pé olè kan wọ aṣọ funfun, a kò ní í sọ pé gbogbo aláṣọ funfun ni olè.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú mi rí parí ọ̀rọ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí mo ti ń kọ́ni nígbà kan, a fi apá abẹ́ tábìlì yẹn ṣe eré ní ìparí sáà. Èmi ni mo yí i sí Yorùbá fún àwọn ọmọ. Bàbá àgbà kan, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ, jókòó sí ìlà iwájú, ẹ̀rù sì ń bà mí pé yóò bínú. Nígbà tí ìyàwó ń wúkọ́ tí ọkọ kò jáde, bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi etí agbádá nu ojú. Nígbà tí a parí, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń rò pé ìyà dé.

Bàbá ní, "Tíṣà, ẹni tí ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, mo mọ̀ ọ́n."

Mo ní, "Bàbá, ta ni, sà?" Mo ti ń ro ẹni tí yóò dárúkọ.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Nígbà mìíràn, bí wọ́n bá ní kí n gbàdúrà níwájú ìjọ, tí mo sì rí i pé ojú ń wò mí, mo máa ń fà á gùn. Èmi náà ni."

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti bẹ̀rù mọ́ láti kọ́ ọmọ ní eré náà. Àwọn alágbára Paris wo dígí, wọ́n fọ́ dígí. Bàbá wa wo dígí, ó nu ojú ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ bi tíṣà yín ní ìbéèrè kan fún mi: nínú ilé Orgon, ta ni ẹ rò pé ó jẹ̀bi jù, ẹni tí ó tan ni jẹ, tàbí ẹni tí ó fẹ́ kí a tan òun jẹ? Ó dìgbà kan ná. Ẹ kú alẹ́ o.